Ìkọ́ Mẹ́rin Lórí Òrùlé

Nílẹ̀ gbalaja ni Lyle Beckwith nà sí nígbà tí ojú Maren kọ́kọ́ kàn án, lórí ọ̀dà ibi ìgbọ́kọ̀sí ṣọ́ọ̀ṣì, nínú òjò wínníwínní. Ó káwọ́ lé àyà, ó dijú. Téèpù búlúù ló yí i ká nígun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Maren Tolliver fúnra rẹ̀ ló lẹ téèpù náà mọ́lẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, nítorí bí wọ́n ṣe ń ya ilé fún àwọn tí kò nílé ní Harlow Bend nìyẹn: wọ́n á fi téèpù fa yàrá sílẹ̀ bó ṣe máa tóbi tó gan-an, ẹni tó máa wà níbẹ̀ á sì wọ inú rẹ̀, á jókòó, á dùbúlẹ̀, á nawọ́, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan pákó.

"Lyle, dìde ńbẹ̀ jàre!" Dottie pariwo láti abẹ́ agbòjò rẹ̀. Òun ló dàgbà jù nínú gbogbo àwọn tó ń sùn nínú àgọ́ lábẹ́ afárá, kò sì sẹ́ni tí kì í sọ̀rọ̀ sí. "Pásítọ̀ á jáde báyìí, á ní òkú la gbé wá fún òun sin."

"Ẹ jẹ́ kí n sùn, màmá. Ilé mi nìyí."

"Ilé wo? Ẹsẹ̀ ẹ ti wà nínú ilé ẹlòmíì!"

Òótọ́ ni. Ọkùnrin náà ga débi pé bàtà rẹ̀ yọ kọjá téèpù, ó wọnú yàrá kejì. Maren rẹ́rìn-ín, ó kúnlẹ̀, ó ṣí téèpù náà, ó tún un lẹ̀ síwájú díẹ̀. Nígbà tó gbójú sókè, Lyle ti lajú, ó ń wò ó. Ojú rẹ̀ rí bí odò wọn ṣe máa ń rí láàárọ̀ ọjọ́ òjò, eérú díẹ̀, búlúù díẹ̀. Àyà Maren já, bí ẹni tó fẹsẹ̀ wá àtẹ̀gùn kan tí kò sí níbẹ̀.

"Níbo lẹ máa fi ilẹ̀kùn sí?" Lyle bi í.

"Síbi orí yín."

"Rárá o. Ẹni tó bá wọlé á tẹ̀ mí lórí mọ́lẹ̀. Ẹ fi síbi ẹsẹ̀, kí n lè máa rí ẹni tó ń bọ̀."

"Ta lẹ ń retí?"

"Mi ò tíì mọ̀," Lyle dá a lóhùn, ó sì rẹ́rìn-ín. "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ni."

Káńsù ìlú ló yọ̀ǹda pápá kan fún wọn ní ìpẹ̀kun Harlow Bend, lẹ́yìn ojú irin, níbi tí àwọn ilé ìkẹ́rùsí parí sí tí koríko ti bẹ̀rẹ̀. Fún ìgbà díẹ̀ ni o. Káńsù sọ ọ́ lásọtúnsọ. Ibi ìdáná kan fún gbogbo wọn, ilé ìwẹ̀ kan, gbọ̀ngàn ìpàdé kan, kí àwọn ilé kéékèèké wá yí wọn po, kálukú pẹ̀lú ilẹ̀kùn tirẹ̀ àti kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. Hollis, ọ̀gá Maren níléeṣẹ́ àwọn ayàwòrán ilé, ló gbé iṣẹ́ náà lé e lọ́wọ́. Iṣẹ́ tí Maren máa kọ́kọ́ dá ṣe láyé rẹ̀ nìyẹn. Àwọn tó ń bọ̀ wá gbé ibẹ̀ ló sì máa pinnu ohun gbogbo nínú ìpàdé wọn. Ohun tí wọn ò bá nawọ́ sí, kò ní dúró.

Láti ọjọ́ téèpù yẹn ni Maren ti ń wá nǹkan kan tàbí òmíràn tó gbàgbé láti wọ̀n. Lónìí, á ní fèrèsé ni òun wá wò. Lọ́la, á ní òun fẹ́ mọ ibi tí oòrùn ń gbà. Kò sí oòrùn kankan ní Harlow Bend lásìkò yẹn, gbogbo ayé ló mọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, àwọn ìyá ìjọ máa ń se ọbẹ̀ ẹ̀wà àti ẹran lílọ̀ ní ìdáná ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á fi búrẹ́dì àgbàdo tì í, Maren á sì jókòó ti Lyle lórí bẹ́ǹṣì, orúnkún wọn á máa kanra.

"Ọmọ yìí," Dottie á wí, pẹ̀lú ṣíbí lẹ́nu, "ṣé ilé lo wá wọ̀n ni, àbí Lyle? Torí mo rí i pé o ti mọ èjìká ẹ̀ sórí."

"Ilé ni, màmá."

"Ẹ̀n. Ilé tó ní irùngbọ̀n."

Lórí bẹ́ǹṣì yẹn ni Lyle ti sọ ìtàn ara rẹ̀ fún un. Inú ilé onítáyà, irú èyí tí ọkọ̀ ń wọ́ kiri, ló dàgbà sí, òun àti ìyá rẹ̀, nínú ọgbà tí irú ilé bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ńlá. Ní ọjọ́ kan wọ́n ta ilẹ̀ ọgbà náà, wọ́n ní kí oníkálukú wọ́ ilé rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ilé ìyá Lyle ti pẹ́ níbẹ̀ jù. Àwọn táyà ti rà mọ́ ilẹ̀, irin abẹ́ rẹ̀ ti dípẹtà. Nígbà tí ọkọ̀ tó wá fà á gbé e sókè, ilé náà ṣẹ́ láàárín. Ojú ìyá àtọmọ ló ṣe. Kọ́tìnì olódòdó òfeefèé tí ìyá náà fọwọ́ rán ń fẹ́ lẹ́lẹ́ láti ojú ihò, gbogbo ọgbà ń rí bẹ́ẹ̀dì wọn, ń rí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn. Ìyá náà lọ gbé lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀. Kò rí òpin òtútù ọdún yẹn.

"Gbogbo ohun tó kù lọ́wọ́ mi ni kọ́tìnì yẹn," Lyle wí. Ó ń yí ife kọfí rẹ̀ po lórí tábìlì. "Maren, ṣé o mọ ohun tí mò ń fẹ́? Mi ò fẹ́ ilé ńlá. Ṣe ilé kan fún mi tí wọ́n lè gbé sókè tí kò ní ṣẹ́. Tí wọ́n bá tún lé wa, kí n kàn gbé e tẹ̀ lé ara mi."

Ó ti dẹ́kun "ẹ" pípè fún un láti ọjọ́ méjì kan. Maren gbọ́ "o" yẹn bí ẹni fọwọ́ pa á lẹ́rẹ̀kẹ́. Ó ní, "Màá ṣe é." Kò tilẹ̀ ronú.

Hollis ló kó ìrònú bá a. Nígbà tí Maren gbé àwòrán dé iwájú rẹ̀, pẹ̀lú ìkọ́ irin mẹ́rin, ọ̀kan ní igun òrùlé kọ̀ọ̀kan, tí kéréènì, ẹ̀rọ tó ń gbé ẹrù wúwo sókè, lè fi gbé odindi ilé, ọkùnrin náà bọ́ awò ojú rẹ̀ sílẹ̀.

"Ó rẹwà," ó wí. "Ya òmíràn."

"Kí ló ṣe é, sà?"

"Gbọ́. Nílùú yìí, bí ilé bá dúró lórí sìmẹ́ǹtì, ilé ni. Ẹni tó ń gbé inú ẹ̀, ayálégbé ni. Kò sẹ́ni tó lè lé e láìjẹ́ pé wọ́n gbé e dé kóòtù, adájọ́ á sì fẹ́ mọ ibi tí wọ́n ń lé e lọ. Ṣùgbọ́n nǹkan tó jókòó lórí gẹdú, tó níkọ̀ọ́ lórí? Ẹrù ni. Ẹni tó ń gbé inú ẹrù, ẹrù lòun náà. Mo ti bá káńsù fà á títí wọ́n fi gbà kí a fi sìmẹ́ǹtì díẹ̀ sábẹ́ wọn. Yà á kíá, kí wọ́n tó yí ohùn padà."

"Ṣé a ò lè ṣe méjèèjì?"

"Sìmẹ́ǹtì kì í fò, Maren."

Ó padà sídìí iṣẹ́, ó ya èkejì, èyí tó dúró lórí sìmẹ́ǹtì. Ilé náà jókòó gírígírí bí ẹni tí kò ní í dìde fún ẹnikẹ́ni. Ó pinnu pé òun á kó méjèèjì lọ sípàdé, òun á ṣàlàyé èyí àti èyí, kí wọ́n mú èyí tó wù wọ́n. Ó sọ bẹ́ẹ̀ fún ara rẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà, bó ṣe ń wakọ̀ lọ, tí omi òjò ń ṣàn lójú gíláàsì.

Lyle ló jókòó síwájú pátápátá. Ó ti fi omi ya irun rẹ̀, ó sì wọ ṣẹ́ẹ̀tì kan tí kò jẹ́ tirẹ̀, apá ṣẹ́ẹ̀tì náà kò dé ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Nítorí tèmi ló ṣe múra, Maren rò, orí rẹ̀ sì wú. Ó tú àwòrán àkọ́kọ́ sórí tábìlì.

Lyle dìde. Ó fi ìka kan igun òrùlé, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń fọwọ́ kan ojú ọmọ tó sùn. "Ìkọ́ nìyí?"

"Ìkọ́ ni."

"Kò ní ṣẹ́?"

"Kò ní ṣẹ́."

Ojú rẹ̀ kún fún omi, níwájú gbogbo èèyàn, kò sì nù ún. Maren kò rí ojú ọkùnrin tó mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí, nítorí òun. Ó mọ̀ pé bí òun bá tú àwòrán kejì, bí òun bá sọ ohun tí Hollis sọ, ìmọ́lẹ̀ yẹn á kú. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan péré lòun fẹ́ wò ó sí i.

"Kí lèyí tó wà lábíyá ẹ yẹn?" Dottie bi í láti ẹ̀yìn.

"Ilé ìwẹ̀ ni," Maren wí.

"Ó dáa. Ilé ìwẹ̀ ò ní wàhálà."

Wọ́n ní kí ẹni tó bá fara mọ́ ọn fi hàn. Gbogbo wọn na ọwọ́ méjèèjì sókè, wọ́n ń mi ìka wìrìwìrì bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nípàdé wọn, gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì rí bí igbó tí atẹ́gùn wọ̀. Lẹ́yìn náà, níbi tí wọ́n ń kó ìkòkò sí, Lyle fi ẹnu kò ó lẹ́nu fún ìgbà àkọ́kọ́. Àwòrán kejì ṣì wà lábíyá Maren. Ó gbọ́ bí bébà náà ṣe rún láàárín àwọn méjèèjì.

Wọ́n kọ́ ọ ní ìgbà ìrúwé, wọ́n kó wọlé ní ìgbà ooru. Ẹ̀yin tí ẹ ti nífẹ̀ẹ́ rí, ẹ mọ bí ìgbà ooru kan ṣe lè rí. Lyle, tó ti kan òrùlé jẹun rí kí nǹkan tó yíwọ́, ló ṣáájú iṣẹ́. Kálukú kun ilẹ̀kùn rẹ̀ ní àwọ̀ tó wù ú. Ti Dottie pupa débi pé àwọn awakọ̀ ojú irin ń fun fèrè sí i. Lyle ta kọ́tìnì ìyá rẹ̀ sójú fèrèsé. Ó ní ife amọ̀ kan péré lórí pẹpẹ, bí Maren bá sì wá, wọ́n á jọ mu kọfí nínú rẹ̀, ẹnu òun, ẹnu ìyẹn. Wọ́n á dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì tó gba ẹsẹ̀ Lyle dáadáa, wọ́n á máa gbọ́ bí ọkọ̀ ojú irin ṣe ń mi ilẹ̀.

"Ibi yòówù kí wọ́n tì wá sí," Lyle á wí sínú irun rẹ̀, "ilé ń bọ̀ lẹ́yìn wa. Kò sẹ́ni tó ṣe irú ẹ̀ fún mi rí, Maren. Kò sí."

Maren kì í sọ ti àwòrán kejì. Ó ń rò ó pé ọjọ́ kan á wà tí òun á sọ fún un, tí àwọn méjèèjì á jọ fi rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀, káńsù ta pápá náà fún àwọn tó fẹ́ kọ́ ilé ìkẹ́rùsí míì. Wọ́n lẹ ìkìlọ̀ mọ́ ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn. Jìnnìjìnnì bo àwọn èèyàn, ṣùgbọ́n Lyle ń súfèé. "Kí lẹ ń sunkún sí? Kí lẹ rò pé ìkọ́ wà fún? A máa kó ilé wa, a máa lọ."

Dottie ò súfèé ní tirẹ̀. Ó lọ wá lọ́yà kan, ọ̀dọ́bìnrin kan tó máa ń bá aláìní ṣe ẹjọ́ láìgbowó. Lọ́yà náà dé pẹ̀lú bàtà òjò, kò tilẹ̀ jókòó. Ó tẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé Lyle, ó yọjú sábẹ́ rẹ̀, ó dìde, ó sì gbọn ẹrẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ nù.

"Orí gẹdú ló wà," ó wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni," Lyle dáhùn, tayọ̀tayọ̀. "Wọ́n lè gbé e nígbàkigbà."

"Wọ́n máa gbé e. Káńsù ló ra pákó, káńsù ló ni ín. Ọgbà ìkẹ́rù wọn ni wọ́n ń kó gbogbo ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin, wọ́n ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún yín ní gbọ̀ngàn eré ìdárayá." Ó wo gbogbo wọn yíká. "Ohun tí kò yé mi rèé. Káńsù ti fọwọ́ sí sìmẹ́ǹtì fún yín. Mo rí i nínú ìwé wọn. Ká ní orí sìmẹ́ǹtì lẹ wà ni, ǹ bá dá wọn dúró ní kóòtù títí ọdún á fi yí. Kí ló dé tẹ́ ẹ kọ̀ ọ́?"

"A ò kọ nǹkan kan," Dottie wí. "Kò sẹ́ni tó..." Ó yíjú sí Maren díẹ̀díẹ̀. "Ilé ìwẹ̀, àbí?"

Maren ò lè gbé ojú rẹ̀ sókè.

"Ilé ìwẹ̀!" Dottie tún wí, ó sì rẹ́rìn-ín kan tó burú ju ẹkún lọ. "Ẹ wò ó, a ti wẹ̀, a ti mọ́ tónítóní."

Àwọn yòókù fi Maren àti Lyle nìkan sílẹ̀ níwájú ilẹ̀kùn. Lyle kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo.

"O mọ̀?"

"Mo mọ̀."

"Lọ́jọ́ tí mo fọwọ́ kan àwòrán yẹn, tí mo ń sunkún bí ọmọdé, o ti mọ̀?"

"Lyle, ohun tó o béèrè ni mo fún ẹ. Ìwọ lo ní..."

"Torí mi ò mọ̀ ni mo ṣe béèrè!" Ohùn rẹ̀ já níbẹ̀. "Ìwọ lo mọ̀. Kí ló dé tó ò sọ?"

Maren wá irọ́ tó dáa, kò rí. "Torí bó o ṣe wò mí," ó wí. "Kò sẹ́ni tó wò mí báyẹn rí. Mi ò fẹ́ kó tán."

Lyle wò ó títí. Ojú búlúù eérú yẹn náà ni, ṣùgbọ́n ẹni tó wà nínú rẹ̀ ti jáde lọ.

"Ẹni ọgọ́rin ọdún ó dín díẹ̀ ni Dottie," ó wí nígbẹ̀yìn. "Orí bẹ́ẹ̀dì kánfáàsì ló ń lọ sùn, láàárín àwọn ọkùnrin tí kò mọ̀ rí. Kí èmi lè wò ẹ́ dáadáa."

Ọjọ́ tí kéréènì wá, òjò ò rọ̀. Maren dúró lẹ́bàá ojú irin, kò lè sún mọ́ wọn, kò sì lè lọ. Ó ti rò pé wọ́n á fọ́ nǹkan, pé ariwo á wà, pé ẹnì kan á na ẹnì kan, pé àwọn oníròyìn á dé. Kò sí. Wọ́n fi ṣéènì kọ́ ìkọ́ mẹ́rin, ilé dìde, ó lọ láfẹ́fẹ́ bí ẹni gbé àwo oúnjẹ, ó sì balẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀. Òmíràn. Ilẹ̀kùn pupa Dottie kọjá lókè orí Dottie fúnra rẹ̀, tó jókòó sórí àpótí, tó fajú ro. Kí oòrùn tó dé àárín ọ̀run, pápá ti ṣófo, àmì koríko tó ti funfun lásán ló ṣẹ́ kù, onígun mẹ́rin mẹ́rin, bí ìgbà téèpù.

Awakọ̀ kéréènì sọ̀kalẹ̀, ó ń nu ọrùn. Èèyàn dáadáa ni. Inú rẹ̀ ń dùn. "Ta ló ya nǹkan wọ̀nyí?" ó béèrè lọ́wọ́ Lyle. "Olúwa á bù kún un. Iṣẹ́ tí à bá fi odindi ọ̀sẹ̀ ṣe, a ti parí ẹ̀ ká tó jẹun ọ̀sán. Ife kan ò tilẹ̀ jábọ́."

"Òun nìyẹn," Lyle wí, ó nàka. "Lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀."

Ọkùnrin náà sì wá. Ó bọ Maren lọ́wọ́, ó mi ọwọ́ náà tìtì.

Báàgì kan ṣoṣo ni Lyle gbé kọ́ èjìká nígbà tó ń lọ. Maren sáré bá a dé ẹsẹ̀ títì. "Kọ́tìnì ẹ," ó wí, ó ń mí hẹlẹ. "O fi kọ́tìnì màmá ẹ sílẹ̀ níbẹ̀. Jẹ́ kí n lọ bá ẹ mú un."

"Fi í sílẹ̀," Lyle wí láìwẹ̀yìn. "Ìrìn ti mọ́ ọn lára."

Maren wá a dé gbọ̀ngàn eré ìdárayá, ṣùgbọ́n Dottie nìkan ló bá lórí bẹ́ẹ̀dì kánfáàsì rẹ̀, lábẹ́ àwọ̀n tí wọ́n ń ju bọ́ọ̀lù sí.

"Ó ti lọ," Dottie wí. "Ó níṣẹ́ òrùlé wà fóun níbì kan."

"Níbo, màmá? Ẹ jọ̀ọ́."

"Ó ní kí n má sọ fún ẹ." Ó fa bùláńkẹ́ẹ̀tì bo èjìká. "Ó ní kí n sọ fún ẹ pé ilé ìwẹ̀ lòun lọ. Ìyẹn jẹ́ àwàdà. Má wulẹ̀ wá a."

Òtútù kọjá. Ní òpin rẹ̀, Hollis pe Maren wọ ọ́fíìsì, kò sì wò ó lójú. Ìlú míì ti gbọ́ nípa ilé tó rọrùn láti kó. Wọ́n ti ra gbogbo wọn lọ́wọ́ káńsù, wọ́n sì fẹ́ kó ya púpọ̀ sí i fún wọn. Maren ya ti sìmẹ́ǹtì ránṣẹ́ sí wọn, pẹ̀lú àlàyé gígùn. Èsì dé kíá: wọ́n dúpẹ́ gan-an, ṣùgbọ́n èyí tó níkọ̀ọ́ làwọn ń fẹ́.

Ẹni tó yà á ló gbọ́dọ̀ yẹ ìkọ́ wò kí wọ́n tó gbé wọn. Òun náà ló lọ. Nínú ọgbà ìkẹ́rù káńsù, àwọn ilé náà tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ilẹ̀kùn kọ ojú sí ògiri. Ó dá ti Lyle mọ̀ láti òkèèrè, nítorí kọ́tìnì òfeefèé ṣì wà lójú fèrèsé. Ó fi ọwọ́ pa gíláàsì, ó wo inú. Ife náà wà lórí pẹpẹ, eruku bò ó.

"Ṣé ó dáa?" awakọ̀ bi í láti inú kéréènì. Ẹni ọjọ́sí náà ni, ó tún ń rẹ́rìn-ín sí i.

Maren gun àtẹ̀gùn. Ó fa ìkọ́ kọ̀ọ̀kan wò, ó fẹ́ kí ọ̀kan yẹ̀, ó ń fi gbogbo ara fà á. Gbogbo wọn dúró ṣinṣin. Ó sọ̀kalẹ̀.

"Ó dáa," ó wí.

Ṣéènì le, ilé dìde. Ọkọ̀ gbé e gba ẹnu ọ̀nà jáde, ó yà sí títì ńlá, ó gba orí ojú irin kọjá, kọ́tìnì ń mì díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn gíláàsì. Maren dúró láàárín ọgbà, ó na etí sílẹ̀ bóyá òun á gbọ́ kí nǹkan kan ṣẹ́, ì báà ṣe pákó kan péré. Ó dúró títí ìró ọkọ̀ fi pa lọ.

Kò sí ohun tó ṣẹ́.